Wọ́n Kun Ilẹ̀ Mi ní Àwọ̀ Ewé: Kí Ni Ètò Ìlú Ogún Ọdún Ń Sọ Gan-an?

Wọ́n lẹ máàpù ńlá kan mọ́ ògiri gbọ̀ngàn ìpàdé, èrò sì ti pé bò ó. Kálukú ń fi ìka wá ilẹ̀ tiẹ̀. Ọkùnrin kan rí tiẹ̀, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Ó ní, "Wọ́n ti gba ilẹ̀ mi nìyẹn." Obìnrin tó dúró tì í rí tiẹ̀ náà, àwọ̀ pupa, àwọ̀ ọjà àti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín lòun ń rín ní tiẹ̀, ó ti ń ṣírò iye tí ilẹ̀ náà máa pa wọlé. Ibi yòówù kí ìlú kékeré ti máa ṣe ètò ogún ọdún, irú àwọn méjì yìí kì í wọ́n níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ṣì máàpù náà kà, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi, torí ìwé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ làwọn èèyàn máa ń pa pọ̀ pè ní "ètò ìlú," bẹ́ẹ̀ agbára wọn ò dọ́gba rárá.

Èkíní ni ètò ìlú fúnra rẹ̀, èyí tó ń wo ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ síwájú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ iye èèyàn tí ìlú ń retí, ibi tí wọ́n fẹ́ kí ilé gbà lọ, ibi tí wọn ò fẹ́ kí ilé dé, títì tó ń bọ̀, àti ibi tí omi òjò máa gbà kọjá. Ohun tó wà lọ́kàn ìlú ló wà nínú ìwé yìí. Èkejì ni òfin ìpín ilẹ̀. Òun ló pín ìlú sí ẹkùn-ẹkùn, tó wá sọ ohun tí èèyàn lè kọ́ sí ẹkùn kọ̀ọ̀kan: bí ilé ṣe lè ga tó, iye mítà tó gbọ́dọ̀ fi jìnnà sí ojú títì, bóyá ẹni tó ń jó irin pọ̀ lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé ibi tí ọmọ ọwọ́ ń sùn. Òfin gidi nìyẹn, ẹni tó bá rú u á fara gbá a. Ẹ̀kẹta ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé, tí ẹnì kan ń gbà fún ilé kan lórí plọ́ọ̀tì kan.

Máàpù ara ògiri yẹn, ti ìwé èkíní ni. Àwọ̀ ewé ò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ láti fi ṣe pápá, ọ̀nà mìíràn nìyẹn gbà, tó ní ìwé tiẹ̀ àti owó gbà-má-bínú tiẹ̀. Àwọ̀ pupa náà ò sì fún obìnrin yẹn láṣẹ kó kọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́la. Gbogbo èrè tó wà níbẹ̀ fún un ni pé, lọ́jọ́ tó bá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí ẹkùn tí ilẹ̀ òun wà padà, ohun tí ìlú fọwọ́ ara wọn kọ á máa gbè é lẹ́yìn.

Kò rí bákan náà níbi gbogbo o, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú fún ẹni tó bá ń ka ètò ìlú orílẹ̀-èdè mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin ètò ìlú ti 1947, pé o ni ilẹ̀ kò sọ pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́lé sórí ẹ̀. Àyàfi àwọn iṣẹ́ pẹ́pẹ̀pẹ́ kan, àṣẹ lo máa tọrọ. Ẹni tó máa fún ọ láṣẹ á kọ́kọ́ wo ètò ìlú, àmọ́ tó bá rí ìdí pàtàkì, ó lè yà kúrò nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìpín ilẹ̀ ló lágbára jù. Tí òfin bá ti gba ohun tí o fẹ́ kọ́ láàyè ní ẹkùn yẹn, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì pé, wọn ò ní ìdí láti dá ọ dúró, kódà bí gbogbo àdúgbò ń bínú. Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó bá dúró níwájú máàpù ni pé: ìwé wo nìyí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ló sì lè dè?

Ìlú kékeré kan ló tiẹ̀ fa ẹjọ́ tó fìdí òfin ìpín ilẹ̀ múlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Euclid lorúkọ ẹ̀, abúlé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio. Cleveland ń gbòòrò bọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ilé-iṣẹ́ ń tọ ojú irin bọ̀, ni abúlé bá ṣòfin ní 1922 tó pín gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ sí ẹkùn. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Ambler Realty ní éékà 68 níbẹ̀, tí wọ́n fẹ́ tà fún àwọn oníléeṣẹ́ ńlá. Òfin tuntun dé, ó ní ilé gbígbé ló yẹ kó wà ní apá kan nínú ẹ̀. Wọ́n gbé abúlé lọ sí kóòtù pé òfin yìí ti já owó ilẹ̀ àwọn wálẹ̀. Ní 1926, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá abúlé láre, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta, àwọn ìlú káàkiri orílẹ̀-èdè náà sì gbára lé ìdájọ́ yẹn títí dòní. Ibi tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn náà ni pé ilẹ̀ yẹn wà ní ṣíṣófo fún ọdún gbọọrọ lẹ́yìn ẹjọ́, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì dé, ilé-iṣẹ́ ńlá náà ni wọ́n padà kọ́ sórí ẹ̀. Abúlé borí ní kóòtù, ilẹ̀ ṣe ti inú ẹ̀.

Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí òfin tuntun tó dé ńkọ́? Ká ní káfíńtà kan ti ń fá pákó níbì kan láti ọdún mẹ́wàá, òfin wá sọ pé ilé gbígbé nìkan ni ẹkùn náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọn kì í lé e. Á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, àmọ́ kò ní lè fẹ ọgbà iṣẹ́ náà lójú sí i. Tó bá sì ti ilẹ̀kùn pa fún iye àkókò tí òfin dá, ẹ̀tọ́ náà lọ nìyẹn, ẹni tó bá ra ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé òfin tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ibẹ̀ kó wádìí bóyá iṣẹ́ ṣì ń lọ níbẹ̀ lóòótọ́.

Ní báyìí, nọ́ńbà. Gbogbo ètò ogún ọdún ló dúró lé iye èèyàn tí wọ́n rò pé ó máa wà, ibẹ̀ sì làwọn èèyàn máa ń fò kọjá nínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká mú ìlú kan tó ní èèyàn 8,000, tó ń fi ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ẹni tó bá yá lára á ní: 240 lọ́dún, ọ̀nà ogún, 4,800, ó parí. Kò tíì parí. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé náà ń bímọ, wọ́n ń pe ẹbí wọn wá, iye náà ń gorí ara wọn bí èlé tó ń bí èlé. Nígbà tí ogún ọdún bá fi pé, èèyàn tó lé díẹ̀ ní 14,400 ló máa wà níbẹ̀. Àfikún 6,400 nìyẹn. Tí èèyàn mẹ́rin bá ń gbé ilé kan, ilé 1,600 ni ìlú máa nílò.

Ibo ni ilé 1,600 máa wà? Tí wọ́n bá ń kọ́ ogún ilé sórí hẹ́kítà kan, hẹ́kítà 80 tó. Tó bá jẹ́ ilé mẹ́jọ péré ni wọ́n ń kọ́ sórí hẹ́kítà, kí kálukú lè ní ọgbà fífẹ̀, hẹ́kítà 200 ni, a ò sì tíì ka títì, ilé-ìwé, ibi ìsìnkú, ibi ìdalẹ̀nù. Èèyàn ò yí padà, iye wọn ò yí padà. Bí wọ́n ṣe tẹ́ ilé sí ló jẹ oko 120 hẹ́kítà. Ìyàtọ̀ yìí ni wọ́n ń jà lé lórí nínú ìpàdé tí àwọn kan fi ń ní "a ò fẹ́ ilé tó fún mọ́ra," tí àwọn mìíràn sì ń dáhùn pé "ẹ má jẹ oko wa tán."

Nọ́ńbà yìí sì lè yẹ̀. Tí ìlú yẹn bá ń fi ìdá kan àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i dípò mẹ́ta, nǹkan bí 10,800 ló máa jẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún, nǹkan bíi 700 ilé ló máa nílò. Ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo tó bá kógbá wọlé, tàbí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó bá dé, lè da gbogbo ìṣirò nù. Nítorí náà, ètò tó bá ka nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti rí ọ̀la, ojú ìfura ni mo fi ń wò ó. Èyí tó bá sọ pé "tó bá pọ̀ tó báyìí, apá ìwọ̀-oòrùn la máa kọ́kọ́ ṣí, tí kò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, a ò ní fọwọ́ kàn án," ìyẹn ló mọ̀ pé òun ń méfò.

Tí nọ́ńbà bá lè yẹ̀, kí wá ni ìlú lè ṣe tí kò ní yẹ̀? Títì ni. Bó bá jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ètò ìlú kékeré lè ṣe, kó fa ìlà títì kí ilé tó dé. Ẹ wo ìdí. Ẹ mú ọ̀nà kan tó gùn ní kìlómítà kan nínú igbó. Bóyá mítà mẹ́sàn-án ni ẹ yọ sílẹ̀ fún un tàbí mítà 18, pẹ́ńsùlù kan náà lẹ máa fi fa ìlà méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó hẹ́kítà kan ilẹ̀. Ká wá ní mítà mẹ́sàn-án ni wọ́n yọ, ilé wá dé, plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà pẹ̀lú mítà 15. Ilé 66 lápá ọ̀tún, 66 lápá òsì. Lẹ́yìn ọdún 15, bọ́ọ̀sì ò lè pàdé bọ́ọ̀sì, kò síbi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa gbà, gọ́tà ò ráyè. Láti mú ọ̀nà yẹn fẹ̀ sí i, onílé 132 ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀: ògiri ẹni yìí, kànga ẹni tọ̀hún, bàrándà ẹni kẹta. Ẹnì kan á kọ̀, ẹnì kan á gba kóòtù lọ, ẹnì kan á ti kú, tí ogún rẹ̀ ń fa ìjà lọ́wọ́. Ohun tí pẹ́ńsùlù ìbá ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan ti di iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá.

Àwọn tó fa ìlà New York ní 1811 mọ èyí. Gbogbo èèyàn ìlú náà nígbà yẹn ò tíì pé 100,000, apá ìsàlẹ̀ erékùṣù Manhattan ni wọ́n sì há mọ́. Àwọn kọmíṣọ́nnà mẹ́ta jókòó, wọ́n fa títì sórí oko, orí àpáta àti irà títí dé títì karùnléláàdọ́jọ, ibi tí ẹnikẹ́ni ò lálàá pé ilé máa dé láìpẹ́. Àwọn títì kéékèèké fẹ̀ tó mítà 18, àwọn ńláńlá tó 30. Ilé wá dé lóòótọ́, ó bá ọ̀nà nílẹ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí wọn ò fi sílẹ̀ tó: ibi ìnàjú. Nígbà tó fi di 1853 tí òfin gba ìlú láyè láti ra ilẹ̀ tó di Central Park, èèyàn ti ń gbé ibẹ̀. Nǹkan bí 1,600 ni wọ́n lé kúrò, títí kan àwọn ará Seneca Village, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú tí púpọ̀ nínú wọn fowó ara wọn ra ilẹ̀ wọn. Ṣẹ́ ẹ rí i, ohun tí ètò bá gbàgbé, ẹnì kan ló máa san án lẹ́yìn ọ̀la, kì í sì í sábà jẹ́ ẹni tó lẹ́nu nílùú.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ náà là á wò ká tó fún un ní àwọ̀. Ibi tí omi ń gbà kọjá ò ṣeé bá dúnàá dúrà. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń kọ sínú ètò, tó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: "omíyalé ọgọ́rùn-ún ọdún." Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé tó bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó di ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́nà kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ó lè ṣẹlẹ̀ léṣìí, kó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí. Tí èèyàn bá wá gbé ilé níbẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ó lé ní ìdá mẹ́rin kan pé omi á wọlé bá a, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọ̀ ewé tó wà lórí ilẹ̀ odò, ìyẹn ló sábà ń sọ.

Ohun tó kù tó yẹ ká yẹ̀ wò ni owó, mo sì rò pé òun ni wọ́n ń fi pa mọ́ jù. Tí plọ́ọ̀tì bá fẹ̀ ní mítà 15, tí ilé sì wà lọ́tùn-ún lósì, mítà páìpù méje àti ààbọ̀ ló kan ilé kọ̀ọ̀kan. Tí plọ́ọ̀tì bá fẹ̀ ní 45, mítà 22 àti ààbọ̀ ni: páìpù ìlọ́po mẹ́ta, títì ìlọ́po mẹ́ta, wáyà iná ìlọ́po mẹ́ta, ilé kan náà ló sì máa san án. Ẹni tó ń kọ́ ilé tà lè ní òun máa ṣe títì náà lọ́fẹ̀ẹ́, kóun fi ta ìlú lọ́rẹ. Inú gbogbo ayé á dùn. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀dà títì ti hó, ẹni tó kọ́lé tà ti lọ tipẹ́, ìlú ló máa tún un ṣe. Ẹ̀bùn yẹn ti di gbèsè. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ètò yín: ta ló máa tún títì yìí ṣe nígbà tó bá gbó, nínú owó wo?

Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà yanjú ti oko àti owó yìí lọ́nà kan tó le díẹ̀. Láti 1973 ni òfin ti sọ fún gbogbo ìlú ibẹ̀, àtèyí tó kéré jù, pé kí wọ́n fa ìlà yí ara wọn ká. Inú ìlà ni kí ilé máa wà, ilẹ̀ tó máa tó ilé ogún ọdún sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìta ìlà, oko àti igbó. Wọ́n lè sún ìlà náà síwájú, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ilẹ̀ inú rẹ̀ kò ní tó. Àwọn kan ń ráhùn pé ó ń mú ilẹ̀ inú ìlà wọ́n; àwọn àgbẹ̀ ìta ìlà náà ní ohun tí wọ́n ń sọ ní tiwọn.

Àwọn mìíràn á mẹ́nu ba Houston, ìlú ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, wọ́n á ní, "Houston ò kúkú ní òfin ìpín ilẹ̀, ìlú náà ò sì parẹ́." Òótọ́ ni, àwọn olùdìbò ibẹ̀ kọ̀ ọ́ ní 1948, 1962 àti 1993. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin lórí ìwọ̀n plọ́ọ̀tì, àti àdéhùn inú ìwé ilẹ̀ tó ń ka ohun tí onílé lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe. Orúkọ ni wọn ò fún un.

Ìgbà tó yẹ kí èèyàn sọ̀rọ̀ náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ kì í ṣí ìwé ètò wò, wọn kì í sì í lọ sí ìpàdé tí wọ́n ti ń gba èrò ará ìlú. Ọjọ́ tí katakata bá dé sí ẹ̀gbẹ́ ilé wọn ni wọ́n tó ń kó ara wọn jọ, wọ́n á bá ara wọn nídìí ìwé kẹta, níbi tí ẹni tó ń kọ́lé ti lè na òfin sókè pé "àyè wà fún mi." Ìbínú ọjọ́ náà, nídìí ìwé èkíní ló yẹ kí wọ́n ti lò ó, nígbà tí máàpù ṣì jẹ́ àbá, tí ìgbìmọ̀ ìlú ò tíì dìbò lé e. Lẹ́tà tó sì máa ń ṣiṣẹ́ jù ni èyí tó bá tọ́ka sí ojú ewé àti ibì kan pàtó lórí máàpù: "Títì yìí gba orí ìsun omi kọjá, ẹ wá wò ó." Lẹ́tà tó ní "a ò fẹ́ ìdàgbàsókè," inú fáìlì ló ń sùn.

Ká padà sí gbọ̀ngàn. Òṣìṣẹ́ ètò ìlú kan dé bá ọkùnrin aláwọ̀ ewé yẹn, ó fi ọwọ́ ẹ̀ tọ́ka sí igun máàpù, níbi tí wọ́n kọ ìtumọ̀ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sí. Àwọ̀ ewé tó ki ni ti pápá. Èyí tó fúyẹ́, oko tó ń bá iṣẹ́ oko lọ. Èyí tó fúyẹ́ ni tiẹ̀. Oko ló ń dá níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, oko náà ni yóò máa dá. Ara ẹ̀ balẹ̀. Obìnrin aláwọ̀ pupa ti ń múra àtilọ nígbà tí òṣìṣẹ́ náà ní kí ó dúró, kó wo ilẹ̀ tiẹ̀ dáadáa. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó ń já tó ń so, gba àárín ilẹ̀ náà kọjá láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn. Ó tẹ̀ mọ́ ògiri, ó ka nọ́ńbà kékeré tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀: mítà 18. Ó wá bi í pé ọdún wo ni wọ́n máa ra ibẹ̀, àti pé ṣé òun lè kọ́ nǹkan kan sí i títí dìgbà náà.